Bí mo ṣe wá tíkẹ́ẹ̀tì mi rí ní kọ́ọ̀tù abúlé kan ní Texas

Ìkómọjáde ọmọ àbúrò mi ni à ń lọ ní Dallas, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá. Láti Houston dé ibẹ̀ tó nǹkan bí 240 máìlì, I-45 sì ni a gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kọjá ère funfun ńlá Sam Houston, a kọjá Huntsville. Ìyàwó mi rántí pé òun gbàgbé gèlè sílé, ọ̀rọ̀ gèlè yìí ni a sì ń sọ tí n kò fi wo bí mo ṣe ń sáré mọ́. Níbi tí eré kò gbọdọ̀ ju 75 máìlì ní wákàtí kan lọ, 87 ni mo ń sá.

Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ló dá wa dúró. Ó kí wa dáadáa, ó gba láísẹ́ǹsì mi, ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó máa dé, ẹ̀sùn méjì ló kọ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní tíkẹ́ẹ̀tì: eré àsápajúdé, àti sítíkà rẹjísíréṣọ̀n tó ti kú láti oṣù tó kọjá, èyí tí n kò fura sí rárá. Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Ọwọ́ mi gbọ̀n, nítorí ohun tí mo mọ̀ láti ilé ni pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ọlọ́pàá ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ó ṣàlàyé pé kò rí bẹ́ẹ̀: ìfọwọ́sí yẹn kàn jẹ́ ìlérí pé màá dá kọ́ọ̀tù lóhùn kí ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ tó pé. Mo fọwọ́ sí i.

Nígbà tí a dé Dallas, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, "San án kíá, kó o lọ sinmi. Má bá wọn fa ọ̀rọ̀." Ó fẹ́ràn mi ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n torí ìmọ̀ràn yẹn gan-an ni mo fi ń kọ èyí, torí ká ní mo tẹ̀ lé e ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti wọ inú àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ mi báyìí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí n mọ kọ́ọ̀tù tó ni tíkẹ́ẹ̀tì náà. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ìlú ló mú yín, kọ́ọ̀tù ìlú yẹn ni ẹ máa lọ. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, kọ́ńsítébù tàbí àwọn ọmọṣẹ́ ṣẹ́ríìfù, ọ̀dọ̀ adájọ́ tí wọ́n ń pè ní Justice of the Peace ni, ní káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tí wọ́n ti dá yín dúró. Àwọn ará ẹkùn, ìyẹn apá káúńtì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ló ń dìbò yan adájọ́ yìí fún ọdún 4, kì í sì í ṣe dandan kó jẹ́ lọ́yà. Káúńtì 254 ló wà ní Texas. Lójú ọ̀nà wa yìí nìkan, ẹni tó bá kúrò ní Huntsville yóò la Walker, Madison, Leon àti Freestone kọjá kó tó dé Navarro. Káúńtì kan lè ní ju adájọ́ kan lọ, kálukú pẹ̀lú ọ́fíìsì tirẹ̀ àti fáìlì tirẹ̀. Nítorí náà, orúkọ ìlú tí ẹ rí lára pátákó ojú ọ̀nà kò ràn yín lọ́wọ́ tó nọ́ńbà ẹkùn tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì.

Èmi fi tèmi sílẹ̀ níwájú gíláàsì ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Irú bébà tí wọ́n fi ń tẹ rìsíìtì ni, oòrùn sì pa lẹ́tà rẹ̀ rẹ́. Díẹ̀ ló kù kí nọ́ńbà ẹkùn yẹn má ṣe é kà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò tiyín kí ẹ tó kúrò níbi tí wọ́n ti fún yín.

Mo wá orí Google. Àwọn tó kọ́kọ́ yọ jẹ́ ìpolówó àwọn tó ń bá èèyàn san tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọn kì í ṣe kọ́ọ̀tù rárá. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo wá ojúlé káúńtì fúnra rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì irú rẹ̀ sábà máa ń parí sí .gov tàbí .tx.us. Mo tẹ orúkọ mi síbẹ̀, wọ́n ní kò sí. Lọ́jọ́ kẹta, kò sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò sí. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kí tíkẹ́ẹ̀tì tó ti ọwọ́ ọlọ́pàá dé inú ìwé kọ́ọ̀tù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdáhùn kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ni mo bá pe fóònù. Agogo 12 ni mo kọ́kọ́ pè, ẹnikẹ́ni ò gbé e, torí wọ́n ti ọ́fíìsì fún oúnjẹ ọ̀sán. Mo tún pè ní agogo 1 kọjá díẹ̀, obìnrin kan gbé e. Àwọn ará Texas náà máa ń fi "sir" àti "ma'am" kún ọ̀rọ̀ wọn, nítorí náà "mà" tí mo ń fi dá a lóhùn kò ṣe é ní àjèjì. Ó wá orúkọ mi, kò rí i. Ó ní kí n pe nọ́ńbà láísẹ́ǹsì mi, kíá ló rí i. Wọ́n ti gé orúkọ mi sí méjì: "Oluwa" ni wọ́n fi ṣe orúkọ àkọ́kọ́, wọ́n wá fi ìyókù ṣe orúkọ ìdílé. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Bàbá bàbá mi ló sọ mí lórúkọ yẹn, odindi ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gé. Mo pe lẹ́tà rẹ̀ fún un níkọ̀ọ̀kan, ó fara balẹ̀ tún un kọ, ó sì tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin tí orúkọ yín gùn bíi tèmi, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì tàbí nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi máa wá a.

Mo wá bi í pé èló ni kí n san. Ó ní òun ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn lórí ẹjọ́, ṣùgbọ́n òun lè ka ohun tó wà nílẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Bọ́tìnnì ìsanwó orí ojúlé yẹn kì í ṣe ti owó nìkan. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tó sì san owó ìtanràn ni òfin kà sí ẹni tí kò jiyàn ẹ̀sùn náà, ìdájọ́ ẹ̀bi yóò wọ inú àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sì ń wo àkọsílẹ̀ yẹn. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù lé yín sanwó kí ẹ tó bèèrè ohun mìíràn tó ṣe é ṣe.

Ti sítíkà rọrùn. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 20, ẹni tó bá tún rẹjísíréṣọ̀n rẹ̀ ṣe tó sì fi ẹ̀rí hàn lè bẹ adájọ́ kó fagi lé ẹ̀sùn náà, owó tí wọ́n lè gbà lórí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 20 dọ́là lọ. Mo ṣe é lọ́sẹ̀ yẹn.

Ti eré ló gba sùúrù. Òfin gbà mí láyè láti ṣe ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ wákàtí 6 kí wọ́n lè fagi lé e, torí eré mi kò fi 25 máìlì ju iye tí òfin gbà lọ, kò tó 95, kì í ṣe ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tún ọ̀nà ṣe, n kò ní láísẹ́ǹsì awakọ̀ akẹ́rù, n kò sì tíì ṣe irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ torí tíkẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù 12. Ṣùgbọ́n dandan ni kí ẹ béèrè fún un kí ọjọ́ ìdáhùn tó kọjá. Mo buwọ́ lu ìwé ìbúra níwájú notary (ẹni tí òfin gbà láyè láti jẹ́rìí sí ìbúra) ní báńkì, mo kó o pọ̀ mọ́ ẹ̀dà láísẹ́ǹsì àti ìnṣọ́ránsì mi. Owó kọ́ọ̀tù jẹ́ 144 dọ́là. Wọn kì í gba ṣẹ́ẹ̀kì tara ẹni, tí mo bá sì fi káàdì san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi owó lé e. Mo ra mọnì-ọ́dà ní pósítọ́fíìsì, mo fi lẹ́tà onírìsíìtì ránṣẹ́, èyí tí ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí.

Ọjọ́ 90 ni wọ́n fún mi. Alẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ ni mo fi ṣe ẹ̀kọ́ náà lórí kọ̀ǹpútà, owó rẹ̀ kò tó 30 dọ́là. Mo gba àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ tí wọ́n ń pè ní Type 3A lórí ojúlé DPS, ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, 12 dọ́là. Ẹ má gba oríṣi mìíràn o, 3A ni kọ́ọ̀tù ń fẹ́. Mo fi òun àti ìwé-ẹ̀rí ránṣẹ́ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kò dáhùn tirẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ sọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ dọ̀tun ni wọ́n sọ fún un pé kò ṣe é ṣe, torí tíkẹ́ẹ̀tì ọdún méjì sẹ́yìn ní ìlú tí kò rántí mọ́. Ojúlé Failure to Appear ti Texas, tí wọ́n ń kọ àwọn tí kò dá kọ́ọ̀tù lóhùn sí, ni a fi nọ́ńbà láísẹ́ǹsì àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá a, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ kọ́ọ̀tù náà. Kò lówó nígbà yẹn ló fi sá. Bẹ́ẹ̀ adájọ́ lè jẹ́ kéèyàn san án díẹ̀díẹ̀ tàbí kó fi iṣẹ́ ìlú dípò, ó sì yẹ kó bèèrè bóyá agbára ẹni ká a. Ẹni tó bá yọjú ni wọ́n lè bi. Ẹni tí kò yọjú, ìwé àṣẹ ìfàṣẹmú ló lè bá a.

Ní tèmi, mo pe obìnrin kọ́ọ̀tù yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó pe orúkọ mi ní pípé, lódindi, ó ní wọ́n ti fagi lé ẹ̀sùn méjèèjì. Lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ wà nínú fáìlì tí mò ń kó ìwé N-400 sí báyìí, torí fọ́ọ̀mù ìtọrọ ọmọ-ìlú yẹn ń bèèrè bóyá ọlọ́pàá ti fún èèyàn ní tíkẹ́ẹ̀tì rí.