Mọ́tò tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ lásìkò òtútù: ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé ní Chicago níbí, àwọn ará wa tó fẹ́ lọ ṣọdún nílé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́tò wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Bí oṣù kẹta bá dé, àwọn tí kò gbé tiwọn wá ló máa ń pè mí. Ohun tí wọ́n ń bi mí jù nìwọ̀nyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi mọ́tò sílẹ̀ láti December di March. Nígbà tí mo dé, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ṣe "tìkì" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Wọ́n bá mi jọ́ǹpù ẹ̀, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ bátìrì ò gbé iná dúró mọ́. Bátìrì tuntun ni o! Ṣé òtútù ló pa á?

Ìdáhùn: Ebi ló kọ́kọ́ pa á, kí òtútù tó bá a níbẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ pa mọ́tò, aláàmù àti kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ṣì ń fa iná díẹ̀díẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ti tó láti fa bátìrì gbẹ. Bátìrì tó kún máa ń ka fóòtì 12.6 tàbí 12.7. Bó bá wá sí 12.2, bí ìdajì ló kù. Bó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 12, ó ti tán.

Ásíìdì inú bátìrì tó kún kì í dì bọ̀rọ̀; òtútù 60 nísàlẹ̀ òdo ní Fahrenheit ò tó láti mú un dì. Ṣùgbọ́n inú èyí tó ti gbẹ, omi ló pọ̀ jù, ó lè dì ní nǹkan bí 20 lókè òdo. Kí sì ni 20 ní Chicago? Ní January 2019, ó já dé 23 nísàlẹ̀ òdo. Bí inú bátìrì bá ti dì, àwọn awo inú rẹ̀ á wọ́, ike rẹ̀ á là. Èyí tí ẹ bá rí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú, ẹ má jọ́ǹpù ẹ̀, ẹ má ṣáàjì ẹ̀. Ó lè bú gbàù.

Lọ́tẹ̀ yìí, bí iná bá wà níbi tí ẹ ń gbé e sí, ẹ ra ṣájà kékeré tí wọ́n ń pè ní battery maintainer, tó máa ń dín iná kù fúnra rẹ̀ bí bátìrì bá ti kún. Bí kò bá sí iná, ẹ ṣáàjì bátìrì kó kún, kí ẹ wá tú wáyà orí rẹ̀. Négétíìfù lẹ ó kọ́kọ́ tú, òun náà lẹ ó dè kẹ́yìn bí ẹ bá dé. Torí pé bí négétíìfù bá ṣì wà níbẹ̀, tí sípánà tí ẹ fi ń tú pósítíìfù sì kan bọ́dì, iná ló máa ṣẹ́ yín lójú.

Ìbéèrè: Àbúrò ìyàwó mi wà nílé. Ṣé kó máa bá mi sitáàtì ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o! Gbogbo èèyàn ló ń gba ara wọn nímọ̀ràn yìí, kò sì dáa. Epo tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì ń mú omi jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná tó láti lé omi náà lọ, inú ọ́ìlì àti sálẹ́ńsà ló máa dúró sí, ìpẹtà ló sì máa dà. Iná tí sitátà fà kò tíì padà sínú bátìrì nígbà yẹn pàápàá. Bó bá lè wà á fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú pópó, ó dáa. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án. Kó má sì sitáàtì ẹ̀ nínú gáréèjì láé, bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí sílẹ̀. Carbon monoxide, májèlé inú èéfín mọ́tò, ò lóòórùn, ó sì ń pa odindi ilé.

Ìbéèrè: Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni rédíétọ̀ mi ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, omi ẹ̀rọ ni mo sì ń bù sí i. Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Èkó lẹ ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì sùn. Omi ń dì ní 32 Fahrenheit, bó bá sì dì, ó máa ń fẹ̀ ní bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Irin ẹ́ńjìnnì kì í fẹ̀ fún un, ńṣe ló máa là. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ibi tó ti ń jò, kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù, kí wọ́n wá po coolant (omi rédíétọ̀ tí kì í jẹ́ kó tètè dì) àti omi ní ìdajì-ìdajì. Ìyẹn ò ní dì títí dé 34 nísàlẹ̀ òdo. Ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò, kò wọ́n.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fa epo inú táńkì gbẹ ni? Táyà ńkọ́, ṣé kí n fi jáàkì gbé e?

Ìdáhùn: Ẹ rọ táńkì kún, torí àyè tó bá ṣófo ni omi ti máa ń sẹ̀. Ẹ da fuel stabilizer (oògùn tí kì í jẹ́ kí epo tètè bàjẹ́) sí i kí ẹ tó wà á délé, kó lè dé gbogbo ibi tí epo ń gbà. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà. Jáàkì ò pọn dandan fún oṣù mẹ́rin. Ẹ kàn fi bí géèjì 5 lé iye tó wà lára fírémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kó má ṣáà kọjá èyí tí wọ́n kọ sára táyà. Gbogbo 10 Fahrenheit tí òtútù bá fi lé sí i, bí géèjì 1 ló ń lọ. Háńbíréèkì ńkọ́? Ẹ má fà á, ó lè lẹ̀ pinpin. Ẹ fi í sí Park, kí ẹ fi igi há táyà.

Ìbéèrè: Èkúté jẹ wáyà mi lọ́dún tó kọjá. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ gbọn inú mọ́tò dáadáa. Kúlíkúlí kan tó bọ́ sábẹ́ àga ọmọ ti tó pè wọ́n. Mo ti ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́ rí tí mo bá tíṣù àti fóòmù àga tí wọ́n fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀. Ẹ fi kànrìnkàn onírin dí ẹnu sálẹ́ńsà, kí ẹ sì lẹ ìwé mọ́ sítíárì pé ẹ máa yọ ọ́ kí ẹ tó sitáàtì.

Ìbéèrè: London ni mo wà ní tèmi. Ojú títì iwájú ilé ni mò ń gbé mọ́tò sí. Ṣé mo lè ṣe SORN, ìyẹn kí n sọ fún ìjọba pé mọ́tò ò ní sí lójú títì, kí n má san táàsì?

Ìdáhùn: Bó bá wà lójú títì ìjọba, ẹ ò lè ṣe é. Ẹ gbé e wọ inú ọgbà tàbí gáréèjì ná, kí ẹ tó lọ bá DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé mọ́tò. Wọ́n á dá owó oṣù tó bá kù padà fún yín. Bí ẹ ò bá sì ṣe SORN, ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, ẹ ò báà má wà á rárá.