Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ti Mọ Mọ́tò Wà, Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Bẹ̀rẹ̀ Máṣíìnì Rèé

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra máṣíìnì báyìí torí owó epo àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló jẹ́ pé mọ́tò ni wọ́n ti ń wà tipẹ́, wọ́n á ní ṣebí títì kan náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn gùn ún bọ́ sí títì bẹ́ẹ̀ yẹn o. Ẹ mọ títì lóòótọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín ni ò tíì mọ iṣẹ́ tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ gbé fún wọn.

Ẹ wò ó ná, nínú mọ́tò tó ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ ló ń tẹ iná, ọwọ́ ló ń yí jíà. Lórí Boxer, ọwọ́ òsì ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ òsì ló ń yí jíà, ọwọ́ ọ̀tún ló ń fún un níná, ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ló tún ń fa bíréèkì iwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún wá wà fún bíréèkì ẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe ń yí jíà ò sì bára mu lórí gbogbo máṣíìnì, ẹ bi ẹni tó tà á fún yín kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ wá pápá iléèwé kan lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá tú u lójijì, ó lè kú, ó sì lè fò síwájú.

Bíréèkì gan-an ló ń bà mí lẹ́rù fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ látinú mọ́tò. Ibẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ gbọ́. Lórí máṣíìnì, ọ̀tọ̀ ni tiwájú, ọ̀tọ̀ ni tẹ̀yìn. Tẹ́rù bá wá ba ẹni tó ti mọ́ lára láti máa tẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ yẹn nìkan ló máa tẹ̀ mọ́lẹ̀, táyà ẹ̀yìn á lọ́ọ̀kì, ìdí máṣíìnì á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ tiwájú ló lágbára jù, torí bẹ́ ẹ bá ti ń tẹ bíréèkì, gbogbo ẹrù á rọ́ síwájú, táyà iwájú á lẹ̀ mọ́ títì dáadáa. Ẹ máa lo méjèèjì pọ̀, ẹ fi ìka méjì fa tiwájú díẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa fagbára kún un, ẹ má já a gbà lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ti dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́ọ̀nà, tàbí tí yanrìn wà nílẹ̀, ẹ jìnnà sí bíréèkì iwájú, ẹ ti gbọ́dọ̀ dín eré kù kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Yíyà náà ò rí bíi ti mọ́tò. Tó bá ti ń sáré díẹ̀, tẹ́ ẹ fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ẹ rọra ti hándù ọ̀tún síwájú, ó máa dà sọ́tùn-ún fúnra ẹ̀, á sì yà. Ó lè dà bí irọ́, ẹ dán an wò lórí pápá. Kójú yín sì wà níbi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹni tó bá tẹjú mọ́ kòtò, inú kòtò ló ń lọ yẹn.

Àǹfààní kan wà tẹ́ ẹ ní ju ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀kadà: ẹ̀yin náà ti jókòó nídìí sìtíárì rí, ẹ mọ bí dẹ́rẹ́bà ṣe ń ya kòtò láì wo ẹ̀gbẹ́, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn nínú gó-síló. Ẹ máa rò ó fún wọn. Tẹ́ ò bá rí ojú dẹ́rẹ́bà tírélà nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, òun náà ò rí yín.

Òjò àkọ́rọ̀ ńkọ́? Nínú mọ́tò, wáípà lásán ni. Lórí máṣíìnì, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ dúró, torí epo àti eruku tó ti wà lójú títì látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń yọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó wẹ̀ ẹ́ dànù ná.

Hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ẹ de okùn ẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ẹ máa gun máṣíìnì látọwọ́ òsì torí apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wà, ó sì máa ń bó ni lẹ́sẹ̀. Láísẹ́ǹsì class B tẹ́ ẹ fi ń wa mọ́tò ò kan máṣíìnì o, class A ni tiẹ̀.

Ìyàwó tàbí ọmọ tó fẹ́ jókòó sẹ́yìn yín, ẹ ní kó ṣì ní sùúrù. Bí èèyàn bá ti wà lẹ́yìn, bíréèkì ò ní tètè mú mọ́, kọ́ọ̀nà náà á yí padà, àfi kẹ́ ẹ mọ tiyín nìkan dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni.