Bí mo ṣe ṣètò ọjọ́ méjì sí South Pass, lójú ọ̀nà Oregon Trail

Máàpù ni mo kọ́kọ́ mú, kì í ṣe àpò ẹrù. Oregon Trail, ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gùn tó nǹkan bí máìlì 2,170, láti Independence ní Missouri títí dé Oregon City, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà kan gbọọrọ téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn já. Òfin tó sọ ọ́ di ọ̀nà ìtàn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lọ́dún 1978 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ibì kan jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí àjọ Bureau of Land Management (BLM) ń bójú tó; ibòmíì jẹ́ ti ìpínlẹ̀; ibòmíì sì jẹ́ pápá màlúù ẹni ẹlẹ́ni. Mo wá mú apá kan péré ní Wyoming, láti ìlú Casper dé South Pass, ibi tí ọ̀nà náà ti gba orí òkè Rocky kọjá.

Máàpù BLM tó ń fi ẹni tó ni ilẹ̀ hàn, oníwọ̀n 1:100,000, ni mo tẹ́ sórí tábìlì. Àwọ̀ ìyeyè ni ilẹ̀ BLM, búlúù ni ti ìpínlẹ̀, funfun ni ti aládàáni. Mo fi bírò pupa tọ ojú ọ̀nà, mo sì sàmì sí gbogbo ibi tí ìyeyè ti di funfun. Ibẹ̀ ni ètò ti sábà máa ń dà rú: máàpù orí fóònù á ní kẹ́ ẹ máa lọ, kò ní sọ fún yín pé ilẹ̀ onílẹ̀ lẹ fẹ́ wọ̀. Mo pe ọ́fíìsì BLM ní Lander, mo bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta: ṣé ọ̀nà ti gbẹ, géètì wo ni wọ́n tì, ṣé wọ́n fòfin de iná dídá?

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ yẹn ló ká mi lára jù. South Pass ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7,400, yìnyín máa ń pẹ́ níbẹ̀ kó tó yọ́, ni mo ṣe fi ìrìn náà sí Oṣù Keje. Amọ̀ ló pọ̀ lójú ọ̀nà eléruku ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sí i, á lẹ̀ mọ́ táyà títí ojú táyà á fi dí pátá, ọkọ̀ á wá máa yọ̀ tẹ̀rẹ́. Jíípù tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà pàápàá ò rí i ṣe. Ẹ dúró kó gbẹ. Ẹni tó bá fi tipátipá kọjá á gbẹ́ kòtò tuntun sórí ipa àtijọ́ tí gbogbo wa wá wò.

Mo gbé omi lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, àti sípíà tó tóbi tó táyà gan-an. Mo rọ epo kún tánńkì ní Lander. Mo ti gba máàpù sórí fóònù ṣáájú, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kù ibẹ̀ kò ṣe é gbára lé.

Ọjọ́ kìíní, mo gba òpópónà 220 láti Casper, nǹkan bí máìlì 55, dé Independence Rock, àpáta tí àwọn arìnrìn-àjò fín orúkọ wọn sí. Wọ́n máa ń fẹ́ débẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin Oṣù Keje, kí yìnyín má baà ká wọn mọ́ orí òkè níwájú. Lander ni mo sùn. Lọ́jọ́ kejì, òpópónà 28 ni, kí n tó yà sọ́nà eléruku.

Àwọn èèyàn máa ń wá àlàfo tóóró láàárín òkè méjì, wọ́n á sì ré ibẹ̀ kọjá. Pápá gbalasa ni South Pass! Òkúta méjì lẹ máa fi dá a mọ̀: èyí tí Ezra Meeker, ọ̀kan lára àwọn tó gba ọ̀nà náà láyé àtijọ́, gbé kalẹ̀ ní 1906, àti èyí tó wà fún Narcissa Whitman àti Eliza Spalding, àwọn obìnrin míṣọ́nnárì méjì tí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá ní 1836.

Oòrùn ọ̀sán gangan kì í jẹ́ kí ipa kẹ̀kẹ́ hàn. Àárọ̀ kùtù ni mo débẹ̀, nígbà tí òjìji ṣì kún inú kòtò gẹẹrẹ náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rìn, ẹ má rin inú rẹ̀. Irin tàbí ìgò tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, fọ́tò nìkan ni kẹ́ ẹ yà: òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú un kúrò láìgbàṣẹ.