Bí mo ṣe mú Màámi láti èbúté Southampton dé Heathrow

Kí n tó san owó ọkọ̀ ojú omi pàápàá, bàálù tí Màámi máa wọ̀ padà sílé ni mo kọ́kọ́ wá. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń gbéra ní Southampton nílẹ̀ England, tó ń lọ yí ká etí òkun Norway, tó sì ń padà sí Southampton, ni mo fẹ́ kí a jọ wọ̀. Ọjọ́ tí a bá gúnlẹ̀ gan-an ni Màámi ní àwọn fẹ́ kọjá sí Èkó, torí wọ́n ní ìpàdé ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn tí ojú wọn kò gbọdọ̀ wọ́n níbẹ̀. Mo wo àwọn bàálù tó ń lọ tààrà sí Èkó láti Heathrow, pápákọ̀ òfurufú London, lọ́jọ́ náà: àárọ̀ ni wọ́n ń gbéra. Ọkọ̀ ojú omi ní tirẹ̀ sọ pé aago mẹ́fà àárọ̀ lòun máa dé èbúté. Ẹni tó bá ro pé wákàtí mẹ́rin-márùn-ún tó láti bọ́ sílẹ̀, gba ẹrù, rin ìrìn tó lé ní 60 máìlì, kó tún lọ tò fún bàálù, kò tíì rí bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ṣe ń jáde láti inú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Mo fi ti àárọ̀ sílẹ̀, mo mú èyí tó gba Addis Ababa kọjá, tó ń gbéra lálẹ́. Màámi kùn pé ọ̀nà yẹn jìn. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ìjókòó náà ni.

Ọ̀nà Southampton sí Heathrow fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà. Mọ́tò á gba òpópónà márosẹ̀ M3, á bọ́ sí òmíràn tí wọ́n ń pè ní M25, á yà sí pápákọ̀. Ohun tó ń fẹ́ ìrònú ni irú ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀, ẹrù yín ló sì yẹ kó pinnu ìyẹn fún yín kí owó tó pinnu rẹ̀. Takisí tí a bá bẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà èbúté dé ẹnu ọ̀nà tẹ́míná ń béèrè ju £100 lọ. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, tí ẹ pín in, kò burú rárá. Ẹni méjì ni wá, èmi nìkan ni mo sì máa sanwó. Àwọn tó ni ọkọ̀ ojú omi náà máa ń ta bọ́ọ̀sì tiwọn, wọ́n á kó yín láti èbúté lọ tààrà. Ó wọ́n ju bọ́ọ̀sì ìgboro lọ, àmọ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ìdààmú, mi ò ní bá a jiyàn.

Ti rélùwéè ni mo rò jù. Láti Southampton Central, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin dé Woking, kí ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì RailAir tó ń lọ sí Heathrow. Tàbí kí ẹ máa lọ títí dé London Waterloo, kí ẹ wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Jubilee dé Bond Street, kí ẹ tún wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line dé pápákọ̀. Bí mo bá dá wà, tí báàgì ẹ̀yìn kan ṣoṣo wà lọ́rùn mi, ti Woking ni ǹ bá ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, pẹ̀lú àpótí ńlá méjì, kí ẹ máa sọ pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbí, kí wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ́hùn-ún, ìyà ni. Bó bá tún bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ń tún ojú irin ṣe, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ràn láti dí i pa.

Ohun kan tún wà tó lè tan àlejò jẹ. Ojú irin yẹn ní ibùdókọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Southampton Airport Parkway, kò jìnnà sáàárín ìlú. Pápákọ̀ òfurufú Southampton fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kékeré ni. Ẹni tó bá gbọ́ "airport" tó sì fò bọ́ sílẹ̀, Heathrow ṣì jìnnà sí i gan-an.

Bọ́ọ̀sì National Express ni mo fẹnu kò sí níkẹyìn: ọkọ̀ kan, láìsí pé à ń pààrọ̀, nǹkan bíi wákàtí méjì, títí dé Heathrow Central Bus Station. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ń gbéra lẹ́yìn aago mọ́kànlá. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ wà, mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Aago tí ọkọ̀ ojú omi dá fún ara rẹ̀, ìrètí ni. Kùrukùru lè bo ojú omi, ọkọ̀ mìíràn lè ṣì wà ní ibi tí tiyín máa sún mọ́. Bọ́ọ̀sì kò ní torí ìyẹn dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn lórí omi, òṣìṣẹ́ tó ń tún yàrá wa ṣe ti kó lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ máa so ó mọ́ àpótí yín, ẹ gbé àpótí náà síta ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó ṣú jù, wọn á gbé e lọ lóru, ẹ̀yin náà á sì bá a ní gbọ̀ngàn èbúté láàárọ̀. Àwọ̀ lébẹ́ẹ̀lì ló ń sọ ìgbà tí wọ́n máa pè yín. Ẹni tó bá lè gbé ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè kọ̀ kó má so lébẹ́ẹ̀lì kankan, irú wọn ló sì ń kọ́kọ́ jáde. A ò sí lára wọn. Mo lọ bá wọn níbi ìgbàlejò inú ọkọ̀ pé Màámi nílò wíìṣíà, àga oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n máa ń ti èèyàn nínú rẹ̀, títí dé ìta, mo sì ní kí wọ́n fún wa ní àwọ̀ tó máa ń jáde ní àárín, kì í ṣe ti ìkẹyìn. Wọ́n ṣe é fún wa.

Àpótí tí ẹ bá gbé síta, ẹ ò ní rí i mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Ìyẹn ló fi ṣe pàtàkì pé kí páàsípọ́ọ̀tù, oògùn, ṣájà fóònù àti aṣọ tí ẹ máa wọ̀ láàárọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́. Mo tú báàgì Màámi wò lẹ́ẹ̀mejì, mo yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn láti ìsàlẹ̀ àpótí, mo yọ bàtà pẹlẹbẹ kan. Wọ́n ní mo ń ṣe bí ọlọ́pàá.

Pańla ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ní Bergen ní Norway, Màámi rí ẹja tí wọ́n sá gbẹ, irú èyí tí afẹ́fẹ́ òtútù ń gbẹ ní Lofoten lókè Norway, tí wọ́n ti ń kó wá sí Nàìjíríà tipẹ́tipẹ́. Inú wọn dùn bí ẹni rí ẹbí sọnù-rí. Wọ́n ra púpọ̀. Ẹja yẹn fúyẹ́ o, kì í ṣe kílò ló jẹ́ ìṣòro. Ó le bí igi, kò ṣe é ká, ó sì ń gba àyè. Òórùn rẹ̀ náà kò ní bí ẹni máa fi pa mọ́. Mo fi ọ̀rá wé e ní ìpele mẹ́ta, mo tò ó sí ẹ̀gbẹ́ àpótí kan, mo wá kó gbogbo aṣọ lọ sínú èkejì. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù wọn fàyè gba àpótí méjì, 23 kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ojú omi kì í wọn ẹrù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbàgbé pé bàálù máa wọn tiẹ̀. Òṣùwọ̀n kékeré alágbèékọ́ kan wà lọ́wọ́ mi. Mo fi wọn àpótí méjèèjì kí a tó ti síìpù wọn.

Láàárọ̀, wọ́n ti tẹ ìwé gbèsè wa sábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ kà á. Bí owó ohun tí ẹ ò mu bá wà níbẹ̀, kó tó di pé ẹ kúrò nínú ọkọ̀ ló rọrùn láti yanjú. Yàrá ti gbọ́dọ̀ ṣófo ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, torí àwọn èrò tuntun ń bọ̀ lọ́sàn-án. A jẹun dáadáa, a lọ jókòó níbi tí wọ́n ní kí a dúró sí.

Nígbà tí wọ́n gbé wíìṣíà dé, Màámi wò ó, wọ́n wò mí.

"Ṣé mo ti yarọ ni?"

Mo ní, "Rárá o, Màámi. Àwọn tó bá jókòó sínú ẹ̀ kì í tò ni."

Wọ́n jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin Filipino tó ń tì wọ́n mú wọn gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá, Màámi sì ń juwọ́ sí àwọn tó wà lórí ìlà bí ìyàwó ọba. Lórí afárá àbájáde, wọ́n yẹ káàdì yàrá wa wò fún ìgbà ìkẹyìn, ẹ̀rọ pariwo kín, a ti kúrò nínú ìwé wọn. Nínú gbọ̀ngàn, àpótí tò lọ bẹẹrẹ ní àwọ̀-àwọ̀. Mo ti so gèlè pupa àtijọ́ kan mọ́ ọwọ́ tiwa, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó rí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ so nǹkan mọ́ àpótí yín. Gbogbo ayé ló ń ra àpótí dúdú.

Èbúté Southampton ní tẹ́míná márùn-ún fún ọkọ̀ ìgbafẹ́: Ocean àti QEII wà ní apá ìlà-oòrùn, ẹnu ọ̀nà Dock Gate 4 ni wọ́n ń gbà, City, Mayflower àti Horizon wà ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ èwo ni tiyín kó tó di pé ẹ pe ọkọ̀, torí bí ẹ bá kàn sọ fún awakọ̀ pé "cruise", òdìkejì èbúté ló lè lọ dúró sí. City ni tiwa, Dock Gate 8. Ọ̀dọ́ tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ní Harbour Parade, lẹ́bàá ilé ìtajà Westquay. A wọ takisí. Awakọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ gbé wa nítorí ibi tí à ń lọ sún mọ́ jù, àmọ́ nígbà tó rí Màámi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ẹrù fúnra rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dé lásìkò. Awakọ̀ béèrè tẹ́míná tí à ń lọ kó tó gbé àpótí sábẹ́ ọkọ̀, kó lè mọ ibi tó máa tò ó sí. Ìgbà tí a bọ́ sí M3 ni mo wá sọ fún Màámi pé Southampton yìí ni Titanic ti gbéra ní ọjọ́ 10, oṣù kẹrin, ọdún 1912. Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì láti ọjọ́ tí a ti wọkọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n fi ọwọ́ gbá mi lórí.

M25 dí díẹ̀, bó ṣe máa ń dí. Heathrow ní ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan tó gba ìsàlẹ̀ ibi tí bàálù ń balẹ̀ wọ àárín pápákọ̀. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì gbà. Central Bus Station yẹn wà láàárín tẹ́míná 2 àti 3. Líìfù á gbé yín sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ abẹ́ ilẹ̀, ẹ̀ ń tẹ̀lé àkọlé tẹ́míná yín lọ. Kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù wà, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá jẹ́ tẹ́míná 4 tàbí 5 ni tiyín, ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ ojú irin láti abẹ́ ibẹ̀, ẹ ò sì ní sanwó lórí ìyẹn. Tẹ́míná 2 ni tiwa.

Ọ̀sán ni a dé, wọn kò sì tíì máa gba ẹrù bàálù alẹ́. Àwọn tó máa ń gba ẹrù pa mọ́ wà nínú pápákọ̀ náà, owó ni wọ́n ń gbà lórí àpótí kọ̀ọ̀kan. Mo bi Màámi bóyá kí a fi ẹrù sílẹ̀ kí a jáde díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan. A wá ìjókòó, a jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tí mo ti rà lọ́nà, wọ́n sùn. Mo ti pe àwọn tó ni bàálù ṣáájú ìrìn àjò náà láti bẹ̀bẹ̀ fún wíìṣíà, torí ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú ni wọ́n ní kí èèyàn ti sọ.

Nígbà tí wọ́n ṣí káńtà, àpótí aṣọ gbé kílò 22. Ti pańla kò tó 15. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ fà á mọ́ra, ó gbóòórùn, ó gbójú sókè wo Màámi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, pańla ni?" Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ débi tí àwọn tó wà lẹ́yìn wa fi bẹ̀rẹ̀ sí kùn.