Bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn àtúnṣe ẹ́ńjìnnì rélùwéè sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gba Abẹ́òkúta kọjá. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Síbẹ̀, mẹkáníìkì tí wọn ò tí ì bí nígbà tí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì kan lè mọ ohun tó ti ṣe é rí, torí ìwé ló ń sọ fún un. Ẹni tó bá ní tírélà, ẹ̀rọ ìlọta tàbí jẹnẹrétọ̀ ńlá ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta níbẹ̀, lè lo ètò yìí lónìí.

Nọ́ńbà lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ní nọ́ńbà tirẹ̀, bọ́ílà, ìyẹn àgbá irin ńlá tí omi ti ń hó di ooru tó ń mú ẹ́ńjìnnì rìn, náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí wọ́n lè yọ bọ́ílà kúrò lára ẹ́ńjìnnì kan, kí wọ́n gbé e fún òmíràn. Bí ìwé kan ṣoṣo bá wà fún méjèèjì, ìtàn bọ́ílà á sọnù lọ́jọ́ tó bá kó kúrò.

Èyí tó kàn ni ìwé dírẹ́bà, orí ẹ̀ sì ni gbogbo ètò yìí dúró lé. Bí dírẹ́bà bá dé, kó tó gba ilé lọ, á kọ ọjọ́, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ṣàkíyèsí lọ́nà. Kò gbọdọ̀ kọ "bíréèkì ò dáa" kó sì máa lọ. Kí ni mẹkáníìkì fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ohun tó wúlò ni: "Bíréèkì ń pẹ́ kó tó mú nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún gbóná ju àwọn tó kù lọ." Ẹni tó bá ka èyí ò ní máa tú ibi tí kò ní àrùn. Bí kò bá sí ohun tó ṣe é, kó kọ ọ́ pé kò sí. Ìlà tó ṣófo ò lè sọ bóyá ẹ̀rọ náà dáa ni, tàbí ẹnikẹ́ni ò wò ó.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù á wá da iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ sórí bébà tirẹ̀, á pín in fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni yẹn á kọ ohun tó bá níbẹ̀ àti ohun tó pààrọ̀, á buwọ́ lù ú. Ọ̀gá á yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà á buwọ́ lù ú. Mo fẹ́ràn ibí yìí gan-an, torí ẹni tó mọ̀ pé orúkọ òun wà níbẹ̀ á fara balẹ̀ de bóòtù náà dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má pa ohun tó ti kọ rẹ́. Tó bá ṣì í kọ, kó fa ìlà kan lé e, kí ojú ṣì lè kà á.

Iṣẹ́ kan wà tí kì í dúró de kí nǹkan bàjẹ́. Omi máa ń fi èépá sínú bọ́ílà bó ṣe ń fi í sídìí kẹ́tùlù, torí náà wọ́n ń kọ ọjọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́ àti ọjọ́ tí fífọ̀ mìíràn kàn. Wọ́n tún ń kọ ọ́ pé wọ́n ti yẹ òjé tó wà lókè ibi tí iná ti ń jó wò. Bí omi bá lọ sílẹ̀ jù, òjé yẹn á yọ́, ooru omi á tú sórí iná, dírẹ́bà á sì mọ̀ kí bọ́ílà tó bú. Àwọn iṣẹ́ mìíràn ń tẹ̀lé máìlì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ayé ọjọ́un kò ní aago tó ń ka ìrìn. Akọ̀wé ló ń ṣírò rẹ̀ láti inú ìwé dírẹ́bà. Èkó sí Abẹ́òkúta tó nǹkan bí 60 máìlì, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 120. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ ní, wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ lẹ ó máa rò pọ̀.

Lẹ́yìn náà, akọ̀wé á kó gbogbo rẹ̀ sórí káàdì ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ẹ́ńjìnnì bá lọ, títí kan ṣọ́ọ̀bù ńlá bíi ti Èbúté Mẹ́ta, ni káàdì ń bá a lọ. Ẹ máa kà á sẹ́yìn lóṣooṣù. Béárìn tó gbóná lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan, tí wọ́n sì fi gíríìsì sí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe gíríìsì ló ń wá.

Báírò ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Ẹ má sì gbé ìwé sí ìdí ògiri tí ikán ti lè gùn ún. Bí ìwé bá kún, ẹ kó gbogbo iṣẹ́ tí wọn ò tí ì buwọ́ lù lọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tuntun kẹ́ ẹ tó pa ti àtijọ́ dé.