Bí a ṣe ń mú kí àwọ̀ àwòrán jáde bó ṣe yẹ lórí bébà

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbé iṣẹ́ lọ fún atẹ̀wé ni inú wọn kì í dùn nígbà tí wọ́n bá gbà á padà. Búlúù tó ń tàn yanran lójú kọ̀ǹpútà ti ṣú, pupa ò sì pọ́n tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Atẹ̀wé ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ṣe àwòrán náà ló gbà pé ara nǹkan ni àwọ̀ ń gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé nǹkan, ojú tó ń wò ó àti àwọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ ló jọ ń pinnu ohun tí a máa rí. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ tún ìmọ́lẹ̀ ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ṣe. Ohun tí ẹ máa rí lábẹ́ gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n díẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ máa rí lọ́sàn-án. A kì í sábà fura, torí ọpọlọ máa ń bá wa ṣàtúnṣe: bébà funfun á ṣì jọ funfun lójú wa níbi méjèèjì. Àmọ́ yíǹkì méjì tó bára mu lábẹ́ iná kan lè yàtọ̀ síra lábẹ́ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn atẹ̀wé fi fẹnu kò sórí irú ìmọ́lẹ̀ kan, D50, ìyẹn nǹkan bíi 5000 Kelvin (òun ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), pé abẹ́ rẹ̀ ni káwọn ti máa yẹ iṣẹ́ wò. Bí ẹ ò bá ní irú iná bẹ́ẹ̀, ìtòsí fèrèsé lọ́sàn-án sàn ju abẹ́ gílóòbù lọ, bí oòrùn ò bá ṣáà ti ta sí bébà náà ní tààràtà. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà náà kù. Bó bá mọ́lẹ̀ jù, iṣẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ á ṣókùnkùn lójú yín, torí bébà ò ní iná tiẹ̀ nínú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó yí àwọ̀ ká. Michel-Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ló ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń rẹ òwú láró nílé ìhunṣọ Gobelins ní Paris nígbà tí wọ́n ń ráhùn pé òwú dúdú ibẹ̀ ò dú tó. Ó yẹ aró wò, kò rí ohun tó ṣe é. Àwọ̀ tí wọ́n hun mọ́ ẹ̀gbẹ́ dúdú náà ló ń bà á jẹ́ lójú. Ìwé ńlá tó kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde lọ́dún 1839.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ gé bébà aláwọ̀ eérú kan sí méjì, kí ẹ gbé ọ̀kan sórí bébà dúdú, kí ẹ gbé ìkejì sórí funfun. Èyí tó wà lórí dúdú á jọ pé ó mọ́lẹ̀ ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ẹ tì wọ́n jọ, ìyàtọ̀ náà á pòórá. Torí náà, bí ẹ bá ń ṣàtúnṣe àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí àwọ̀ eérú ló yí i ká.

Ibi tó ti máa ń dàrú jù ni ìgbà tí àwòrán bá ń ti ojú kọ̀ǹpútà bọ́ sórí bébà. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì 3 ló wà lẹ́yìn ẹyinjú tó ń bá wa mọ àwọ̀: ọ̀kan máa ń dáhùn sí apá pupa ju àwọn yòókù lọ, èkejì sí àwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta sí búlúù. Kọ̀ǹpútà gbára lé èyí. Kò sí iná yẹ́lò kankan nínú rẹ̀. Iná pupa àti iná àwọ̀ ewé ló ń tàn pa pọ̀, tí ojú fi ń gbà pé yẹ́lò lòun rí. Yíǹkì ní tiẹ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ni. Cyan, ìyẹn búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, ń gbé pupa mì, magenta, ìyẹn pupa tó fẹ́ jọ àlùkò, ń gbé àwọ̀ ewé mì, yẹ́lò ń gbé búlúù mì. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá léra, dúdú ló yẹ kó jáde, àmọ́ ó máa ń rí bí ẹrẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi yíǹkì dúdú kún un, tó fi di CMYK: C ni cyan, M ni magenta, Y ni yẹ́lò, K sì ni dúdú.

Àwọ̀ tí iná lè gbé jáde pọ̀ ju èyí tí yíǹkì 4 yìí lè gbé jáde lọ. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò àti búlúù tó mọ́lẹ̀ gan-an ló sábà máa ń kú, kò sì sí atẹ̀wé tó lè fi yíǹkì 4 náà jí wọn. Ẹ gba fáìlì ICC ẹ̀rọ àti bébà tí atẹ̀wé fẹ́ lò lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbé àwọ̀ jáde, kí ẹ gbé e sínú sọ́fítíwíà yín, á sì fi bí iṣẹ́ náà ṣe máa rí hàn yín. Bí àwọ̀ kan bá kú, ẹ fúnra yín ni kí ẹ yan èyí tó máa rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọ̀ tí ò gbọ́dọ̀ yí padà rárá ni, ẹ ní kí wọ́n po yíǹkì rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kéékèèké, yíǹkì dúdú nìkan ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Àwòrán, 300 dpi, ìyẹn tótòtó 300 nínú íǹṣì kan, ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ lórí bébà.

Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú bébà o. Èyí tí ò ní ìdán máa ń fa yíǹkì mu, àwòrán á sì ṣú ju ti orí bébà dídán lọ. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo àwòrán tí wọ́n tẹ̀: ẹ ò ní rí àwọ̀ tó dán mọ́rán, tótòtó kéékèèké ni ẹ máa rí, cyan níbí, magenta lọ́hùn-ún, wọ́n sì tò yípo bí òdòdó. Igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń to tótòtó àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Igun dígírì 45 ni wọ́n sábà máa ń fún dúdú torí òun ló hàn jù, wọ́n á sì fún yẹ́lò ní 0 torí òun ni ojú kì í tètè rí. Bí tótòtó bá wú lórí bébà tó ń mu yíǹkì, ó di dandan kí àwọ̀ yí.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan lórí bébà gan-an tí wọ́n máa lò. Àwọ̀ ara èèyàn àti àwọ̀ eérú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí kíá ni ojú máa ń rí àṣìṣe lára wọn. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ọ̀kan síbi tí oòrùn ò lè dé, kó lè jẹ́ òun ni wọ́n á máa fi ṣe òdiwọ̀n bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ òmíràn.