Bí mo ṣe de ẹ́ńjìnì oníbátìrì mọ́ ọkọ̀ ìpẹja mi

Ọkọ̀ alumíníọ́ọ̀mù kékeré ni mo ní, ẹsẹ̀ bàtà 14. Adágún Lake Conroe, lápá àríwá ìlú Houston ní Texas, Amẹ́ríkà, ni mo ti ń pẹja. Ẹ́ńjìnì oníbẹtiróòlù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń pariwo lé ẹja lọ, ni mo bá ra oníbátìrì tí màá fi yọ́ rìn.

Iwájú ọkọ̀ ni mo dè é mọ́. Kẹ́ ẹ tó lu ihò kankan, ẹ gbé ìdè rẹ̀ síbi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ ká ẹ́ńjìnì sókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń gbá ọkọ̀ lára. Ẹ fọwọ́ wọ abẹ́ ibẹ̀ náà wò. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀: ihò mẹ́rin ni mo lu dànù, sílíkọ́ọ̀nù ni mo fi dí wọn. Ọwọ́ ọmọ mi ló padà wọlé láti di nọ́ọ̀tì mú. Bóòtù tí kì í dógùn-ún ni kẹ́ ẹ lò, pẹ̀lú wáṣà ńlá lábẹ́.

Bátìrì deep cycle oní-12 volt, irú èyí tó lè gbé iná sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, ni kẹ́ ẹ rà, ti mọ́tò ò ní pẹ́ kú. Àárín ọkọ̀ ni mo gbé tèmi sí, torí ó wúwo. Wáyà bàbà tó nípọn ni kẹ́ ẹ fà. Tó bá tín-ín-rín, á gbóná. Ẹ fi bírékà, tó máa já iná tó bá pọ̀ jù, sórí wáyà pupa, nítòsí bátìrì gan-an. Iye amp rẹ̀ wà nínú ìwé ẹ́ńjìnì.

Tẹ́ ẹ bá dórí omi, ẹ ri ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì tó ní abẹ̀bẹ̀ bọ omi, kí omi bò ó tó ẹsẹ̀ bàtà kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà. Ní Texas, ẹ forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ o, ẹ́ńjìnì oníbátìrì náà ẹ́ńjìnì ni.